Iye Àwa Tí A Wà Nílé

Yábàá, Ọjọ́rú, oṣù kẹwàá, 1973

Ìkànìyàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lónìí. Kò yé wọn, ni mo bá ní kí kálukú dìde, kó sọ iye èèyàn tó wà nílé wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Sàlámótù ló ní, "Àǹtí, màámi ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Ó rẹ̀ mí láti bá a jiyàn. Mo ní ká fi ilé tèmi ṣe é. Mo kọ orúkọ wa sójú pátákó: bàbá àwọn ọmọ mi, èmi, Dúpẹ́, Táyọ̀. Gbogbo kíláàsì pariwo, "Mẹ́rin!"

Láti ìgbà òjò la ti sin Táyọ̀.

Ẹkún ò tiẹ̀ wá. Mo kàn di ṣọ́ọ̀kì mú. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n da orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sínú ìwé wọn.