Èéfín Ọkọ̀ Rẹ Ń Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń sùn tó, àbí o ṣì ń jẹun lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n ń lé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lọ, á máa ṣọ́ ẹ bọ̀, ọ̀gá rẹ ò ní fi ojú burúkú wò ẹ́. Tí o bá bèèrè tiwa, a wà, a dúpẹ́. Èmi nìkan náà ni "a" yẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ṣùgbọ́n ó dùn ún kọ bẹ́ẹ̀.

Òjò ọdún yìí pẹ́ kó tó dé, ìgbà tó sì máa dé, ó dé tìbínú-tìbínú, ó ṣí páànù méjì lórí yàrá rẹ. Mo ti kàn án padà, omi ò kan bẹ́ẹ̀dì rẹ. Fóònù tí o rà fún mi náà wà, mo fi aṣọ wé e kí eruku má baà wọ inú rẹ̀ kó dí ohùn rẹ lọ́nà.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni pé ọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ tó ń mójú tó igbó. Téèpù ló ń gbé káàkiri, Ọ̀gá Téèpù ni mò ń pè é. Ó wọ inú igbó wa, ó fi téèpù yí igi kan ká, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó bọ́ sórí òmíràn. Mo bi í pé ta ló ní kó rán ṣòkòtò fún igi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní èéfín ni òun ń wọ̀n, pé èéfín tí ọkọ̀ ń tú jáde nígboro, atẹ́gùn á gbé e, àwọn igi wa á máa mu ún, wọ́n á fi sanra, òun sì fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ti mu.

Ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀. Ìwọ ní ọkọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn, mo rò pé kò sí nǹkankan rẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi mọ́, àṣé èéfín rẹ ń bọ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àpótí ìjókòó lọ sábẹ́ igi ńlá etí odò láràárọ̀, torí àárọ̀ lo máa ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń kí ẹ, mo máa ń bèèrè bóo ṣe jí. Ọ̀gá Téèpù bá mi níbẹ̀, ó ní èéfín gbogbo ayé ló pa pọ̀, pé kò sẹ́ni tó lè dá ti ẹnì kan mọ̀. Mo ní òun ò tíì bímọ ni.

Ó tún gbé àpótí kékeré kan tó ń wọn ooru kọ́ sábẹ́ igi, ó gbé òmíràn kọ́ síbi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, níbi tí mo ti gé igi tà nígbà tí o wà ní yunifásítì. Ti ibi gbayawu yẹn gbóná ju ti abẹ́ igi lọ fíìfíì. Ó ní igi ńlá ló ń fa omi nílẹ̀, tó ń mí i sókè, tó ń di òjò, pé bí a ṣe ń gé wọn ni òjò ń dàrú. Kò bú mi o, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí ọmọ mi ti jáde. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń ya fọ́tò igbó wa, pé ibi gbayawu yẹn máa ń hàn kedere. Mo bá wọ aṣọ funfun mi, mo lọ dúró síbẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta, mo gbójú sókè. Bí fọ́tò náà bá dé ọ́fíìsì yín, bàbá tó ń juwọ́ yẹn, èmi ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan fọ́ọ̀mù tó mú wá. Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé n ò ní gé igi mọ́. Ìyẹn rọrùn, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti fọwọ́ sí i ṣáájú mi. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye ẹni tó ń gbé inú ilé, mo kọ méjì, torí yàrá rẹ ṣì wà. Mo wá bi í pé kí ni àwọn ará ìgboro máa ṣe ní tiwọn, ó ní àwọn náà gbọ́dọ̀ dín èéfín kù, kí wọ́n má fi ọkọ̀ rin ìrìnàjò tí kò pọn dandan. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi ọ̀nà ilé mi. Ó ní kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù. Ó ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi ọwọ́ ara mi tì ẹ́ mọ́ ìgboro.

Nítorí náà, owó tí mo máa ń ní kí o fi ránṣẹ́, fi èyí ra epo sí ọkọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Mo mọ̀ pé igi ò lè dá mi lóhùn, orí mi ò tíì dàrú. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ẹ, o ò ní bá ìyọnu pàdé, wàá bá mi láàyè. Ní ti èéfín tí wàá tú lójú ọ̀nà, mo ti rò ó. Gbogbo igi tó kù fún mi, n ò ní gé ẹyọ kan títí n ó fi kú. Kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ san ti ìrìnàjò rẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé ó tó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ