Mẹ́sàn-án Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Tiwaladé ọmọ mi,

Okun o. Ṣé ara le ní Àbújá, ṣé ọmọ ti ń rìn? Olúwa ò ní jẹ́ kí oòrùn ibẹ̀ mú yín. Àwa náà wà, òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti yọrí.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi kọ èyí. Bàbá Ọláníran onílé ní kí n kó ọjà mi kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn kí oṣù yìí tó parí, ó ní ọmọ òun fẹ́ máa gẹrun níbẹ̀. Ìyá Destiny tó wà lódìkejì ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí mi ò bá ríbi kó garawa àti kúlà sí, òun á bá mi rà wọ́n ní ìdajì owó. Ìdajì! Obìnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ike.

Nígbà tí o wá sọ lórí fóònù pé ká ṣe mẹ́sánììnì, ohun tí mo gbọ́ ni mẹ́sàn-án nínú. Mo ní Olúwa ṣeun, ọmọ mi fẹ́ kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì mẹ́sàn-án sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo bá jókòó sórí àpótí mi, mò ń wòkè, mò ń pín in, ti ìsàlẹ̀ fún garawa, ti òkè rẹ̀ fún ẹní, òmíràn fún kúlà, títí mo fi dé ìkẹsàn-án, níbi tí kò sí ọjà kankan, àfi èmi àti atẹ́gùn. Oníbàárà á máa pè mí nísàlẹ̀, mi ò ní tètè gbọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Boaz tó ń jó irin, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ṣé eku ló máa gbé ibẹ̀ ni, pé ẹyọ kan péré ni, láàárín ilẹ̀ àti òrùlé, bí àjà tí ìyá mi máa ń kó àgbàdo sí, àmọ́ tí èèyàn lè dúró lé. Ó gbé àkàbà, mo gùn ún lọ wo àyè tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Tiwaladé, ó dákẹ́ lókè níbẹ̀. Eruku ń fò nínú ìtànṣán oòrùn bí ẹni tí kò níbì kan tó ń lọ. Ó pẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, ìsàlẹ̀ nìkan ni mò ń lò! Mo sọ fún onílé pé pẹpẹ ni mo fẹ́ kàn, ó gbà. Bí mo bá pè é ní àjà, á ní kí n san tòkè lọ́tọ̀.

Àwòrán mẹ́sánììnì tí o fi ránṣẹ́, mo rí òyìnbó méjì tó ń mu tíì lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá wà lára ohun tí a ó sanwó fún, jọ̀ọ́ ní kí wọ́n yọ wọ́n, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Pákó wà. Àwọn tí bàbá rẹ rà sílẹ̀ fún pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ kọ́ fún mi kó tó kú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà látọjọ́ yìí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Lánàá ni mo ní kí Boaz wá kó wọn. Irin àti owó iṣẹ́ ló kù, bá mi fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ọmọ POS ọ̀nà ọjà. Mo ti ná Boaz wálẹ̀, má fi kún un lẹ́yìn mi.

Olúwa á la àyè fún ọ níbi tó bá ti há. Bí o bá wálé, bọ́ bàtà sísàlẹ̀, kí o máa bọ̀ lókè. Pákó bàbá rẹ ni wàá tẹ̀.

Èmi ìyá rẹ.