Pátì Méjì Nítorí Omi Ẹ̀rọ

Rídúwánù ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará Adidogomé tó bá mọ̀ mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọjà kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Assiyéyé. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi fà á. Ohùn tí o fi sínú fóònù dé, ṣùgbọ́n o múnú bí mi: bí mo ṣe ń dá ọ lóhùn, ńṣe lò ń sọ tìẹ lọ. Ta ló kọ́ ọ láti máa já lu ọ̀rọ̀ ìyá rẹ? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà.

Ẹ̀rọ omi tí kilọ́ọ̀bù ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tó wà lọ́hùn-ún gbẹ́ sáàárín ilé wa àti ilé Làtífátù dára, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èwo ni ti àgádágodo tí ẹ fi tì í? Isidore ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ rán wá, tó ń fi Yorùbá lú Faransé, ní kilọ́ọ̀bù kì í ṣí omi fún oníjà, pé bí ẹ ṣe mú àwọn tó ń jà lọ́jà yín gbá gọ́tà pọ̀ títí ìjà fi tán, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe fún wa. Mo ní irọ́ ni! Ewúrẹ́ Làtífátù jẹ èlùbọ́ tí mo sá, Làtífátù tún ní èlùbọ́ mi ló jẹ́ kí inú run ewúrẹ́ òun. Ọdún mẹ́ta rèé, n ò kí i, kò kí mi. Kàkà kí n bẹ̀ ẹ́, odò ni màá máa lọ, kí orúnkún já bó bá wù ú.

Isidore wá yọ ìwé kan, ó ní àfi kí pátì méjèèjì pé lọ́jọ́ Sátidé kí omi tó ṣí. Ìyẹn yé mi! Tó bá jẹ́ ti pátì ni, ta ni Làtífátù? Mo pa adìyẹ mẹ́ta, mo se ìrẹsì kún ìkòkò ńlá. Òun náà gbọ́, ó dáná tiẹ̀. Nígbà tí Isidore dé, ó káwọ́ lérí, ó ní Faransé lòun sọ, pé àwa méjèèjì tí à ń jà ni wọ́n ń pè ní pátì. Ṣé èèyàn ni pátì ni?

Ará àdúgbò ò sì yọjú, wọn ò fẹ́ jẹ tẹnì kan kí ẹnì kejì bínú. Mo bá bu ti Làtífátù tọ́ wò, kí n lè mọ ohun tí màá fi bú u. Kò níyọ̀, mo sì sọ fún un. Ó ní tèmi ló níyọ̀ jù, ká dà wọ́n pọ̀. La bá dà wọ́n pọ̀. Isidore jẹ abọ́ mẹ́ta, a tẹ̀ka sí ìwé rẹ̀, omi ṣí.

Má lọ sọ ní kilọ́ọ̀bù pé ẹ parí ìjà wa o! Àràárọ̀ la ṣì ń jà nídìí ẹ̀rọ. Lánàá, ìjà náà pẹ́ débi pé Làtífátù lọ gbé àpótí wá kí n fi jókòó, nítorí orúnkún mi. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ̀rọ mìíràn sílé tiẹ̀. Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀! Níbo la ti máa wá máa jà?

Fi owó adìyẹ ránṣẹ́, má fi sínú fóònù o, fóònù mi ò lápò. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ẹni tí ẹ ó jọ máa jà dọjọ́ ogbó.

Èmi ìyá rẹ,
Sàídátù, Pátì Kìíní.