Ààlè Orí Ṣọkọ

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá, 1991

Ọ̀rọ̀ Rafíátù ọmọ mi sú mi pátápátá lónìí.

Ìdí ṣọkọ mẹ́ta péré ni mo dá sí fún irúgbìn lẹ́yìnkùlé. Irú èyí tí ìyá mi dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èyí tó kù nínú ìgò, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Mo so àkísà pupa àti ààbọ̀ ìgbálẹ̀ mọ́ wọn. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ohun tó ní ààlè? Ìyá onílé wa, Àṣáńtí pọ́ńbélé, kò tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá mọ́!

Mo ti ọjà Adum ní àárín Kumasi dé, ebi ń pa mí. Ọbẹ̀ tí Rafíátù sè dùn, ẹ̀gúsí pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti bu ẹ̀ẹ̀kejì kí n tó béèrè ibi tó ti rí ẹ̀fọ́.

"Èyí tí ẹ so àkísà mọ́ ni, Màámá. Mo rò pé ẹ fi ṣàmì èyí tí ẹ fẹ́ kí n sè ni."

Òdòdó rẹ̀ tí irúgbìn wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó ti dà á fún ewúrẹ́.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi Twi bẹ̀ mí kó tó rántí Yorùbá. "Ẹ má bínú, Màámá. Ṣé ẹ ti sọ fún mi rí ni?"

Ta ló sọ fún èmi náà? Oko bàbá mi ni mo ti ń rí i láti kékeré. Kumasi ni mo bí òun sí. Ààlè àkọ́kọ́ tí ọmọ mi fojú rí láyé nìyí, ó sè é, mo sì bá a jẹ ẹ́.