Fọ́ọ̀mù Tí Ọ̀gá Rẹ Lóko Kọ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé bẹ́ẹ̀dì rẹ tó máa ń dún ṣáá kò tíì wó? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ilé ìwé ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ wa bí méjì, àkùkọ pupa tí o máa ń sá fún kò tíì kú, ńṣe ló tún sanra sí i.

Ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní oṣù tó kọjá dé o. O ní kí n gbọ́ bí o ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ tó ti ṣá, torí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín ní akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ríṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. Kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáko kárí ayé, ó yẹ kí tòmátò tèmi náà gbọ́ díẹ̀. Mo bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè àkọ́kọ́, mo ní kí o máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí n ó fi roko tán, ojoojúmọ́ sì ni mò ń ṣe é. Ọmọ mi, ebè yẹn so ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ìyá rẹ ní torí pé ó sún mọ́ odò ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í tètè gba nǹkan ìgbàlódé gbọ́. Mo ti ń gbé e dé ebè kejì náà báyìí, kó má baà dà bíi pé mò ń ṣe ojúsàájú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o fi rán awakọ̀ tó ń kó tòmátò wa. O ní oko ńlá kan lókè òkun fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún iṣẹ́ ọdún kan, àti pé ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá rẹ lẹ́nu iṣẹ́ rí gbọ́dọ̀ kọ nǹkan nípa rẹ síbẹ̀. Inú mi dùn pé o rántí pé èmi ni ọ̀gá rẹ.

Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ìyá aránṣọ tó máa bá mi kà á rìnrìn àjò. Kò rìnrìn àjò kankan. Abẹ́ ẹní mi ni fọ́ọ̀mù rẹ wà fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án. O ti ní bó bá kọjá ọjọ́ Ẹtì yìí, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ, èmi náà sì ń ka ọjọ́. Mo rò pé bó bá pẹ́ jù, wàá kàn parí ìwé rẹ, wàá sì wálé wá máa bá tòmátò wa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Òkun fẹ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn padà láti òdìkejì rẹ̀. Ìyá rẹ ló rí i nígbà tó ń sá ẹní sóòrùn. Kò pariwo. Nígbà tí mo toko dé lọ́sàn-án, ó gbé àwo oúnjẹ mi kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí, mo ṣí i, fọ́ọ̀mù nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e, ó di ilé ìyá aránṣọ.

Ó kàwé ní ilé ìwé girama, òun ló ń sọ ìbéèrè di Yorùbá fún mi, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ èsì mi. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ìyá rẹ, ó fi oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú mi. Wọ́n ní ṣé o lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wàhálà. Mo ní wàhálà wo, ti òjò ni àbí ti ìyá rẹ? Wọ́n ní kí ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyá aránṣọ ti fẹ́ jà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ ni pé kí n ní o máa ń ṣiṣẹ́ jù, o kì í sinmi. Mo ní ta ni? Ìwọ tí a máa ń fi omi jí? Mo sì ti gbọ́ pé nísàlẹ̀ ìwé náà wọ́n ní kí n jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo bá sọ òótọ́. Mo ní o máa ń pẹ́ jí, o máa ń dá sọ̀rọ̀ bí o bá ń roko, o ń bẹ̀rù àkùkọ, àti pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, o hú gbogbo ata mi dànù, o ní koríko ni. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó, a fa ewé ìwé kan ya kún un. Má bínú. Mo ṣáà fi kún un pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwọ fúnra rẹ lo gbin ata náà padà, ẹyọ kan kò kú nínú rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tó kẹ́yìn. Wọ́n ní bí o bá padà wá, ṣé n ó tún gbà ọ́ síṣẹ́. Àpótí kékeré méjì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sáyè fún àlàyé. Mo ní kí ìyá aránṣọ gbé bírò fún mi, mo sì fàlà sí i fúnra mi.

Awakọ̀ náà ló mú gbogbo rẹ̀ bọ̀, á dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán an sí mi kí n fi ra bátìrì fóònù, torí bíbá ebè méjì sọ̀rọ̀ lójúmọ́ kan ti pa èyí tó wà níbẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ìyá rẹ ní òun ò ní bàtà òjò.

Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí ọ lẹ́nu níwájú àwọn tó máa bi ọ́ léèrè. Ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́, ilẹ̀ ibí kò ní gbàgbé rẹ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ọkọ́ kékeré rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo pọ́n ọn lánàá.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ihò tó wà nínú fọ́ọ̀mù, níbi àpótí bẹ́ẹ̀ ni, sọ fún wọn pé kì í ṣe eku. Ọ̀gá rẹ ló tẹ bírò mọ́ ọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ọ̀gá rẹ lóko.