Mo Ti Ibi Iṣẹ́ Dé

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń múra bí ẹni ń jáde lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ yàrá mi ni ibi iṣẹ́ ọ̀hún. Màá gbé báàgì, màá dágbére fún Màmá, màá gba iwájú ilé jáde, màá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá padà. Ìpè Màmá ló ti sú mi. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Màmá á ní kí n wá bá àwọn sọ ìkòkò kalẹ̀, ṣebí mo kàn jókòó ni.

Lónìí, ẹ̀gbọ́n Màmá wá láti ìlú Ara. Mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè mi ní pálọ̀.

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́," Màmá dáhùn.

Inú mi dùn gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, pálọ̀ la sì ń gbà dé balùwẹ̀. Mo wọ bàtà, mo gbé báàgì, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo gba iwájú wọlé.

"Kú iṣẹ́ o," ẹ̀gbọ́n Màmá kí mi. "Ṣé o tètè rí ọ̀kadà?"

Mo ní mo rìn ni.

Nígbà tí mo ti balùwẹ̀ jáde, mo fẹ́ yọ́ lọ parí iṣẹ́ tó kù. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Níbo tún ni? O ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Jókòó, kí o jẹun."