A Ti Gbé Orogún Mi Sókè

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti fi ayé sílẹ̀, olówó orí mi. Ọdún mẹ́ta gbáko! Mi ò ní purọ́ fún ọ lónìí: owú ṣì ń jẹ mí.

Àkọ́bí wa ti di nọ́ọ̀sì. Àbíkẹ́yìn ti ń fá irùngbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì wa kò tì lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè wa? Pikọ́ọ̀pù rẹ, orogún mi, ni wọ́n ń béèrè! Wọn kì í tíì kí mi tán tí ojú wọn á ti wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ nígbà ayé rẹ. O rántí ọjọ́ tí o rà á, o gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì obìnrin kò dénú. Tèmi kò tilẹ̀ dé ètè!

Àwọn páálí ẹ̀yà ọkọ̀ tí o tò sí ẹ̀gbẹ́ tí mò ń sùn, àti táyà ńláńlá mẹ́rin tó gba àyè kọ́bọ́ọ̀dù mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fẹsẹ̀ kọ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí mẹkáníìkì wá bá ọ gbé ọkọ̀ náà sókè bí o ṣe fẹ́, kí n lè ráyè nínú yàrá mi.

Ó ki sípíríìn tó ga bọ̀ ọ́, ó ki ṣọ́ọ̀kì gígùn bọ̀ ọ́, ó de táyà. Ó ń yìn ín, mò ń yínmú. Bó ṣe yí sítíárìn báyìí, táyà ń ha mọ́dígáàdì gìrìgìrì. Inú mi dùn! Arẹwà náà lábùkù! Ó gé etí mọ́dígáàdì díẹ̀, ariwo dáwọ́ dúró, inú mi bà jẹ́.

Ó wá tú páálí tó kéré jù. Irin ìtẹ̀gùn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ ọkọ̀, ló wà níbẹ̀. Ó wá èkejì títí, kò rí i. Ó wọ̀n ọ́n mọ́ ara ọkọ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ èrò nìkan ló bá mu, pé kò sí ti dírẹ́bà.

Èmi tí orí mi kò dé èjìká rẹ! O ti rò ó pé bó bá ga tán, báwo ni màá ṣe gùn ún? O rò ó, o ò sì sọ fún mi! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì, mo sunkún bí ọmọ kékeré.

Lánàá, àbúrò rẹ ní kí ìyàwó òun jókòó níwájú. Ìyàwó náà ti gbé ẹsẹ̀ lé irin ìtẹ̀gùn mi. Mo ní ẹsẹ̀ ta nìyẹn? Ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Àárò rẹ ń sọ mí, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì tíì ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni pín ọ.